Ìkọ́ Tí Ìyáálé Fẹ́ Jó Mọ́ Ìdí Ọkọ̀

Mo ń dúró de ìlẹ̀kùn irin mi ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin kan l'Ápòmù, nígbà tí ìyá kan wa mọ́tò kékeré dé, ó sì sọ fún jórinjórin pé:

"Bá mi jó ìkọ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ yìí. Mo fẹ́ máa fi fa tirélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kí n máa fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko wa l'Ararọ̀mí-Òwu."

"Màmá, ẹ̀gẹ́ yẹn á wúwo ju ọkọ̀ yín lọ. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí ẹ tẹ bíréèkì, ẹrù ni yóò máa wà yín."

"Báwo ni orogún mi ṣe ń fa tiẹ̀?"

"Jíìpù ni tiwọn tí mo jó ìkọ́ mọ́, ó wúwo."

"Má dárúkọ jíìpù sí mi létí! Èmi ìyáálé ni mo gbà á wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èmi ni mo kọ́ ọ ní gàrí yíyan. Ní báyìí, tó bá ń fa ẹrù kọjá, ọkọ wa á dìde máa wò ó. Kò dìde wo èmi rí."

Jórinjórin bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ ní ẹ̀gẹ́ Òwu lẹ fẹ́ kó, àmọ́ owú ni mo rí. Owú yẹn, jíìpù gan-an ò lè fà á."