Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Mùínátù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yín, obìnrin yín, àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó bá gbogbo wa jókòó síbí. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa, tó fún wa lẹ́sẹ̀ tí a fi rìn dé. Ẹ súnmọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó wà nínú oòrùn yẹn lè rí ibòji. Wáàsí tòní kò gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ mí, ẹnu kì í tètè rẹ̀ mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé nìyí: bí Ọlọ́hun bá fi ohun abẹ̀mí kan sí ìkáwọ́ yín, àmánà ni, ohun tí a fi ṣọ́ yín ni. Ẹ má ṣe fún un ní ààbọ̀ ohun tó nílò, kí ẹ wá máa yangàn pé ẹ tọ́jú rẹ̀. Ààbọ̀ ìtọ́jú a máa pa ni. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa. Ta ni yóò rí pẹ́pẹ́yẹ tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Ẹ wo bó ṣe ń rìn, bí alhaja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé tí bàtà tuntun ń há lẹ́sẹ̀. Akọ rẹ̀ kì í ké, èémí ló máa ń mí ní tirẹ̀, háà, háà, bí bàbá arúgbó tó gun òkè. Bó bá mọ̀ yín, á na ọrùn síwá sẹ́yìn, á máa ju ìdí. Súbúhánálláhì! Ọlọ́hun mọ nǹkan án dá.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó, Rúfáì lorúkọ rẹ̀, télọ̀ ni. Ó ń sin pẹ́pẹ́yẹ méjì nínú ọgbà ilé, akọ kan, abo kan. Kò sìn wọ́n fún títà, kò sìn wọ́n fún jíjẹ. Ó kàn fẹ́ràn wọn ni. Bó bá ń ránṣọ, wọ́n á sùn sábẹ́ máṣíìnì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ó gbẹ́ ihò kan, ó ri ògbólógbòó bàsíà sínú rẹ̀, kí omi tó ń ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ máa dà síbẹ̀. Ó ní bí òun ti ń wẹ̀ fún ìrun, kí àwọn náà máa wẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Mùínátù, á ní, "Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé èmi ni ìyàwó ilé yìí ni àbí abo yẹn?"

Rúfáì á ní, "Ìwọ mà ni ìyálé. Ṣé o kò rí bó ṣe ń tẹ orí ba fún ọ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sìn ín. Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe adìẹ. Adìẹ á bu omi mu, á gbójú sókè, ó ti parí nìyẹn. Pẹ́pẹ́yẹ ní láti ri orí bọ omi kọjá ojú, kó fọn imú, kó ṣan ojú. Bí kò bá rí èyí ṣe, ikun á dí i nímú, ipin á lẹ ojú rẹ̀ pa. Ẹ fún un ní èérí àgbàdo tí kò bu, ẹ jẹ́ kí ibi tó ń sùn gbẹ, ṣùgbọ́n kí omi rẹ̀ jìn. Ṣé ẹ gbọ́? Kí ó jìn.

Àìsàn wá dá Rúfáì dùbúlẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun ti ń lọ, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Mùínátù, àwọn méjèèjì yẹn, àmánà ni mo fi wọ́n ṣe sọ́wọ́ rẹ. Má jẹ́ kí omi jìnnà sí wọn."

Mùínátù ní, "Mo gbà á."

Rúfáì padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Mùínátù jókòó tákàbá nínú ilé, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá láì jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ṣùgbọ́n ẹkún kò wá. Wọ́n ń ké lọ́tùn-ún, wọ́n ń ké lósì, òun ń wo ilẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀," ó ní, "Ẹ ṣé." Ṣé ẹ mọ ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú? Tí ẹ já a léèékánná tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń gbé e dìde lórí ẹní láràárọ̀: kó po èérí fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rúfáì, Alhaji Sàbítíù, ló wá ń bójú tó ilé. Èèyàn rere ni o, n kò ní bà á jẹ́ torí pé ìtàn mi fẹ́ dùn. Ó gbẹ́ omi ẹ̀rọ síwájú ilé, ó fi ṣe sàráà fún àbúrò rẹ̀, gbogbo àdúgbò ń pọn ọ́n. Ó wá ní ọjọ́ àdúrà fídáù tí wọn yóò fi parí ọ̀fọ̀ ń bọ̀, àwọn àlùfáà yóò wá, ibi àlùwàlá kò gbọdọ̀ rí jákujàku. Ó kó sìmẹ́ńtì dé, ó rẹ́ gbogbo rẹ̀ pa, ihò, bàsíà, gbogbo rẹ̀. Ó dán! Ẹ lè wo ojú yín níbẹ̀.

Ó wá gbé ọmọrí ike ọ̀dà kan kalẹ̀ fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọrí pẹlẹbẹ. "Èyí tó wọn," ó ní. "Omi ni wọ́n ń fi ṣeré. Ìná àpà nìyẹn, haràámù sì ni ìná àpà."

Mùínátù ní, "Alhaji, wọ́n máa ń fọ imú ni."

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. "Pẹ́pẹ́yẹ ń fọ imú! Ṣé ìrun ló fẹ́ kí ni? Wọlé, ìyàwó, ọ̀fọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú."

Ó wọlé. Ní ọjọ́ kejì ó gbé abọ́ ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, Alhaji rí i, ó dà á nù. Kànga inú ilé ti gbẹ lẹ́ẹ̀rùn yẹn, kò sì lè jáde lọ síbi ẹ̀rọ pẹ̀lú tákàbá. Kò tún gbé abọ́ mìíràn jáde mọ́.

Mo rí ìwọ tí o ń mi orí yẹn. O ní kí ló dé tí kò jà? Ọmọ mi, ìjà ń fẹ́ agbára. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kú, níbo ló ti fẹ́ rí i?

Ikun dí wọn nímú. Ipin bò wọ́n lójú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó bá abo ní ìdí ògiri, ó ti gan. Ó fi àkísà wé e, ó sin ín. Ó padà wọlé, ó jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Alhaji ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ń pa wọ́n."

Ọjọ́ fídáù pé, tákàbá sì ti parí. Ilé kún. Alhaji ní kí wọ́n mú akọ tó kù, kí wọ́n pa á sí ọbẹ̀ àwọn àlùfáà. Wọ́n wo Mùínátù. Ó ní, "Bó bá wù wọ́n." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé pẹ́pẹ́yẹ ẹlòmíràn ni.

Obìnrin kan ti ń pariwo, "Ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kù fún mi o!"

Èkejì ní, "Ẹsẹ̀ wo? Ìwọ tí o kò bá wa gé àlùbọ́sà!"

Àfáà Búsàírì, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà, gba pẹ́pẹ́yẹ náà, ó yí orí rẹ̀ sókè, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ojú ẹran náà ti lẹ̀, ẹnu ló fi ń mí. Àfáà ní, "Aláìsàn nìyí. Ohun tí a kò lè fún ọmọ wa jẹ, ṣé òun la ó fi tọrẹ nítorí Ọlọ́hun? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?"

Alhaji ní, "Ìyàwó Rúfáì ni. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò ti tọ́jú nǹkan kan mọ́."

Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Lójú gbogbo ayé, wọ́n ní ó jẹ àmánà òkú.

Mùínátù dìde. Kò bínú o, ojú rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n ti ń pèrun Àìlà ọ̀sán, Alhaji ti ká apá aṣọ, ó ti jókòó síbi àlùwàlá rẹ̀ tó ń dán. Mùínátù gbé bútà omi kúrò níwájú rẹ̀. Ó gbé ọmọrí ike ọ̀dà kalẹ̀, ó da omi sí i títí ó fi kún.

"Alhaji, ẹ dákun, ẹ fi èyí ṣe àlùwàlá yín."

"Kí lèyí?"

"Ẹ ní ó tó."

Gbogbo ilé yíjú sí i. Ojú ti Alhaji láti dìde, ló bá fọ ọwọ́. Ààbọ̀ omi ti lọ. Ó bù sẹ́nu. Ó kan imú. Ó fi ọwọ́ ha ike, kírì, kírì, omi kò wá. Ó tẹ̀ wálẹ̀ kó fi imú kàn án, ìsàlẹ̀ ike ni imú rẹ̀ bá. Ó dúró síbẹ̀, kò gbórí sókè.

Àfáà ní, "Alhaji, ó ku imú, ó ku ojú, ó ku ẹsẹ̀."

Alhaji gbé orí kúrò nínú ike. "Mùínátù, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ."

Alhaji bọ́ agbádá. Ó gba dígà, òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ sìmẹ́ńtì náà títí ó fi kan bàsíà, ó sì pọn omi kún un. Wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ kalẹ̀. Ó dúró, ó ń mì. Ó wá ri orí bọ inú omi títí dé ọrùn, ó fọn imú, ó gbọn orí, omi ta sí Alhaji láyà! Àwọn obìnrin ní, "Àlùhámúdúlílááì!" wọ́n pàtẹ́wọ́.

Alhaji ní, "Fi orí jì mí. N ó ra abo mìíràn fún ọ lọ́la."

Mùínátù ní, "Mo ti fi orí jì yín. Ṣùgbọ́n méjì ni Rúfáì fi sílẹ̀, Alhaji. Kí ni kí n sọ fún un?"

Alhaji mú agbádá rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbọn eruku rẹ̀. Àfáà náà, pẹ̀lú gbogbo kéwú orí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ló ń kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí n sọ pé ó sunkún lọ́jọ́ náà, kí ara rẹ̀ sì fúyẹ́, n kò ní parọ́ lórí ìjókòó wáàsí. Kò sunkún. Ó wo pẹ́pẹ́yẹ náà bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà, ó sì lọ po èérí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwà ta la lè bú níbẹ̀? Gbogbo àdúgbò ń mu omi Alhaji, ẹni tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni kò rí i mu. Àwa tí a lọ kí opó náà ńkọ́? "Ẹ kú ọ̀fọ̀," a ti gbé bàtà wọ̀. Ta ló jókòó tì í? Ta ló bi í pé, "Mùínátù, kí ló ń ṣe ọ́?" tó sì dúró gbọ́ èsì? Ọmọrí pẹlẹbẹ ni gbogbo wa gbé síwájú rẹ̀. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo ẹni tó dákẹ́ jù nínú ilé yín, èèyàn ni o, ẹran ọ̀sìn ni o. Ẹ má bi ara yín bóyá ẹ ti fún un ní nǹkan. Ẹ bi í bóyá ó tó o.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà mọ̀ wá nínú àmánà Rẹ. Má jẹ́ kí sàráà ojúde bo ìwà ìkà inú ilé wa mọ́lẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ sọ di igi láàárín wa, tí kò gbọ́ dídùn, tí kò gbọ́ kíkan, Ìwọ tó ń rọ òjò sórí ilẹ̀ tó ti kú, dá ẹkún rẹ̀ padà fún un, kí ó rí i sun. Ẹ ṣe é ní àmín.