Nọ́ọ̀tì Tó Wà Lẹ́yìn Rímù

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, mi ò sì bá a jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ láti inú ẹ̀wọ̀n yìí, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹni tí mo pa kò ṣẹ̀ mí rárá. Òótọ́ ló sọ fún mi.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n Dókítà Mọ́tò ni gbogbo ilé wa ní àdúgbò Crusher ń pè mí, nítorí kò sí ohun tí mi ò tíì kà nípa ọkọ̀ lórí fóònù mi. Níbẹ̀ ni mo ti rí sípésà. Irin pẹlẹbẹ roboto ni, tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù, irin tí a ń de táyà mọ́ lára ọkọ̀, kí táyà lè yọ síta, kí ọkọ̀ ya ẹsẹ̀ dúró bí ẹni tó fẹ́ jìjàkadì. Èyí tí mo rà nípọn tó ìka méjì. Nọ́ọ̀tì inú ló dè é mọ́ họ́ọ̀bù, ó sì ní bóòtì tirẹ̀ tí a ń de rímù mọ́. Bí a bá ti gbé rímù lé e, nọ́ọ̀tì inú ti fara pamọ́ nìyẹn. Ẹ má gbàgbé èyí.

Bọ̀dá Jídé, ará Kabba tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló kọ́kọ́ rí i lẹ́yìn tí mo fọwọ́ ara mi dè é tán. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú wọn.

“Òkun o, Dókítà. Ta ló wọ bàtà gíga fún mọ́tò rẹ?”

“Ẹ wò ó dáadáa, Bọ̀dá. Ó ti fẹ̀ sí i, á di ilẹ̀ mú ní kọ́nà.”

“Àbúrò mi, ẹni tó na apá gbé korobá omi, èjìká rẹ̀ ni yóò ròyìn. Bẹ́árìn á jẹ. Táyà yìí á bọ́ lọ́jọ́ kan.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sọ lọ́kàn mi pé ìlara ló ń bá a jà. Mọ́tò tirẹ̀ ti gbó. Òótọ́ ni pé sitiárìn mi ti wúwo, àti pé bí mo bá ń gba àdúgbò Natako kọjá, kòtò kékeré á fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láìpẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fi sípánà dán nọ́ọ̀tì ìta wò, àwọn kan ti dẹ̀, mo sì dè wọ́n padà. Mo mọ̀ pé sípésà tuntun máa ń jókòó díẹ̀, pé ó yẹ kí a tún gbogbo rẹ̀ dè lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé táyà á bọ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Bọ̀dá Jídé tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú mi.

“Kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

“Mò ń wò ó ni. Ó dà bíi pé ó ti ń tẹ̀.”

“Ẹ fi sílẹ̀, kó máa tẹ̀.”

“Ó dáa, Dókítà. Ìwọ lo ni aláìsàn rẹ.”

Lọ́jọ́ yẹn, mo mú òdà èékánná pupa ìyàwó mi, mo fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara rímù. Bí ẹnikẹ́ni bá yí i, ìlà á yà. Ìlà kò yà, síbẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní Bọ̀dá Jídé gbọ́n ju bí mo ti rò, pé ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó sì ń dá ìlà padà sáàyè rẹ̀. Bó bá kí mi, mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá kí mi, mo ní ẹ̀rí-ọkàn ló ń dà á láàmú.

“Ṣé o ti yọ táyà náà wò?” ìyàwó mi béèrè.

“Kí ni mo fẹ́ yọ wò? Mo mọ ẹni tó ń ṣe é.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bọ̀dá Jídé ní òun máa lọ sí Kabba lẹ́yìn ìsìn. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi mọ́tò sílẹ̀. Àgbàlá dá. Mo fi sípánà mi tú nọ́ọ̀tì táyà iwájú rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ lásán dá wọn padà. Mo ń sọ fún ara mi pé kí tirẹ̀ náà kàn gbọ̀n wò ni. Irọ́ ni. Mo mọ ọ̀nà Kabba, mo sì mọ ohun tí táyà ń ṣe bí nọ́ọ̀tì bá tú. Nígbà tó ń lọ, ó bi mí bóyá kí òun ra iṣu bọ̀ fún wa. Mo ní rárá, ẹ ṣé.

Kò dé Kabba. Táyà bọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ọkọ̀ já wọ igbó, Bọ̀dá Jídé sì kú.

Bọ̀dá Jídé ti wà ní mọ́ṣúárì, mọ́tò mi ṣì ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé e sórí jáàkì, tí mo yọ rímù. Nọ́ọ̀tì inú ti tú, ihò sípésà ti fẹ̀, irin ti ha irin títí ó fi ń dán. Kò sí ọwọ́ tó lè débẹ̀ láìkọ́kọ́ yọ rímù, kò sì sí bí a ṣe lè yọ rímù kí ìlà pupa má yà. Látọjọ́ yìí ni ìlà náà ti ń jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ Bọ̀dá Jídé mọ́.

Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá bá mi. Wọ́n ti rí èérún òdà pupa lára nọ́ọ̀tì tó kù lára ọkọ̀ Bọ̀dá Jídé. Ó ti lẹ̀ mọ́ sípánà mi nígbà tí mo ń fi dán nọ́ọ̀tì tèmi wò, sípánà náà ló gbé e débẹ̀. Mo jẹ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ má fẹ́ràn mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín dè bá ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ tú u wò dé inú, kí ẹ tó wo ojú aládùúgbò yín. Ojú ènìyàn ni èmi ń wò. Nígbà tí mo fi máa wo táyà, kò sí ẹni tí mo lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.