Sátidé Tí Gbóyèga Gun Òkè Kẹ́yìn

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí mo ṣì lè wakọ̀ láti Grayson níbí, nílùú òyìnbó, lọ sí ibikíbi tó bá wù mí, àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé. Ẹ gbọ́. Tèmi, ìwọ náà Dárà, ẹ jókòó dáadáa. Mummy yín wà ní shift, kò sì lè sọ ọ́ láìsunkún. Èmi gan-an ò mọ̀ bóyá mo lè sọ ọ́ tán... ṣùgbọ́n ẹ ti dàgbà. Tèmi ní ẹnì kan sọ fún òun pé eré àsápajúdé ló pa bàbá yín. Rárá o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbóyèga, àbúrò mi, kì í sáré. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ṣé n ò ní mọ̀ ọ́n ni?

Dókítà ló sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, kó máa ṣe eré ìdárayá. Ó ra kẹ̀kẹ́. Uncle Níyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ra tiẹ̀. Bàbá Ṣèyí náà ra tiẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú wọn, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ warehouse ní Union City. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́fà. Nígbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ báyìí, fóònù á dún. "Gbóyèga, ṣé o ti jí?" "Mo ti jí, mo ti wọṣọ." Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń jí ara wọn. Òde òní ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan ni ẹ ń gùn nínú basement. Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà... òtútù ò lè bá yín níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March ni. Dárà ò tíì wọ kindergarten. Òdòdó ti ń yọ nílé wa níbí, a rò pé òtútù ti lọ. Níyì wá ní òkè làwọn máa fi bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ gígùn ọdún yẹn, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Dahlonega lọ́hùn-ún. Wọ́n á gùn ún láti apá kan, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí apá kejì. Èmi ni mo fi ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Mo gbé búrẹ́dì àti ẹyin díndín dání. Bàbá yín wo inú apẹ̀rẹ̀, ó ní, "Sister mi, ṣé ọdún Kérésì la ń lọ ṣe ni?"

Oòrùn wà nígbà tí wọ́n gbéra. Bí a ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń pọ̀. Kí wọ́n tó dé ìdajì, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò tó ní yìnyín nínú. Mo ṣí fèrèsé ọkọ̀, mo ní, "Gbóyèga, wọlé." Ó ń mí gúlegúle, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀, Sister mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n ò tíì dé òkè nǹkan kan." Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nígbà yẹn, lójoojúmọ́...

Gbogbo wọn dé òkè. Ẹ gbọ́, gbogbo wọn. Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n òógùn ti rin wọ́n nínú, òjò ti rin wọ́n lóde, atẹ́gùn wá ń fẹ́. Níyì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí mò ń wò. Mo gbé e sínú ọkọ̀, àwọn yòókù ò fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, mo ní màá gbé e dé gas station tó wà nísàlẹ̀, kí n padà wá kó wọn.

Wọ́n dúró títí. Kò sí ilé, kò sí òrùlé kankan, fóònù ò ṣiṣẹ́. Òtútù yẹn kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dúró sínú rẹ̀. Wọ́n bá ní àwọn á rọra máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Ṣèyí ti ní òun ò lè fi ọwọ́ òun mú nǹkan kan mọ́. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti rin gbingbin. Bàbá yín bọ́ tiẹ̀ tó nípọn, ó ní, "Ẹ wọ èyí, sà." Bàbá ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Èmi ṣì lágbára, sà."

Tí ènìyàn bá ń gòkè, ara á móoru. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, atẹ́gùn nìkan ló ń gbá a. Ìka á kú. Bẹ́ẹ̀ ìka la fi ń tẹ bíréèkì. Bàbá yín ń tẹ̀ ẹ́, ìka kò dáhùn. Bàbá Ṣèyí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ tó ń sọ pé, "Kò mú. Kò mú." Ibi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà ló ti lọ gbá irin ẹ̀gbẹ́ títì.

Mo ń gòkè padà bọ̀ ni mo rí wọn. Mo kúnlẹ̀ sínú omi. Ó ṣì dá mi mọ̀. Ó ní, "Sister mi, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́." Mo mú ọwọ́ náà méjèèjì, mo kì wọ́n bọ abẹ́ aṣọ mi, bí mo ṣe máa ń ṣe fún un lásìkò ọyẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo ní, "Ó ti ń móoru, Gbóyèga. Ó ti ń móoru." Kò móoru... Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi lọ.

Ṣé ẹ wá rí i? Eré wo ló sá?

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ yẹn tú. Níyì kó lọ sí Texas. Bàbá Ṣèyí ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ibí ló ń wá. Ní gbogbo Sátidé, á wakọ̀ láti Union City, á jókòó sórí àga yẹn. Kò ní sọ nǹkan kan. Sátidé kan ló wá ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi ló yẹ kó lọ. Èmi ti lo ayé tèmi." Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jẹun." Ó jẹun. Ó sì tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí òun náà fi kú.

Lóde òní, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ènìyàn, àwòrán àbẹ́là ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo gbà á rí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ wakọ̀ lọ. Bí highway kún, ẹ lọ. Ẹ má ronú ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ṣáà lọ jókòó tì í.

Ní tèmi... láàárọ̀ Sátidé, tí mo bá gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń rọra bọ̀ níwájú ilé, màá dìde dúró, bí ẹni pé Bàbá Ṣèyí ló ń bọ̀. Aládùúgbò ni. Á kọjá lọ.