Ẹni Tó Kéré Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Nínú mọ́tò tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Emùré, obìnrin tó jókòó tì mí dá bàbá tó wà níwájú mọ̀: bàbá ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ní yunifásítì, oorun sì dá lójú mi.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ṣé ẹ ṣì ń kọ́ni?"

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ayé mi kọ́ni: níbi ìpàdé, ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀, 'bẹ́ẹ̀ ni, sà' ló kù. Wọ́n ní mò ń kọ́ ọmọdé láti rí àgbà fín. Mo ti gbà pé iṣẹ́ mi já sí asán."

"Ha, sà! Èmi ni ọ̀gá ulé-ìwé wa báyìí, bẹ́ẹ̀ gan-an la sì ń ṣe. Tíṣà tó kéré jù ló kọ́kọ́ sọ pé ògiri kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ti ń sán. A kó wọn jáde. Òjò rọ̀ mọ́jú, ògiri wó, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀."

"Àwọn àgbà ńkọ́? Wọn ò bínú?"

"Ẹni tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ gbé bẹ́ǹṣì jáde, sà."

Bàbá ṣí fìlà, ó mí kanlẹ̀.

"Wọ́n gbọ́," ó ní. "Wọ́n kúkú gbọ́."