Ọ̀rẹ́ Mi Jọ̀wọ́ Okùn Orí Màlúù

Mo fi sàréè bàbá mi búra fún yín, ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹsẹ̀ mi kò tiẹ̀ ní í jẹ́ kó gùn, torí bí mo bá jókòó pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Akíntádé, ọ̀rẹ́ mi, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Màlúù kàn bá a jíṣẹ́ ni.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń mú màlúù balẹ̀ fún àwọn alápatà l'Ákùúrẹ́. Òun á ju okùn mọ́ ìwo, á fa orí. Èmi á fi ojóbó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ kan ni mo sábà máa ń mú, èkejì á sì máa wá mi kiri. Nígbà tí àgbà alápatà kan l'Óǹdó wá ní òun ń fẹ́ ẹni méjì tó mọṣẹ́ náà dunjú, iṣẹ́ tó máa gbé wa dọjọ́ ogbó, mo ra okùn líle ní Ọjà Ọba, mo gbé àpótí ìjókòó ìyàwó mi sẹ́yìnkùlé, mo ń ju ojóbó sí i lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ìyàwó mi ní ṣé àpótí náà ń sá lọ ni.

Akíntádé ló kọ́ mi. Ó ní kí n má wo ẹsẹ̀, ìbàdí ni kí n máa wò. Bí òun bá ti fa orí yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á fò pọ̀, kí n tẹ́ ojóbó síwájú wọn bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó di orí mú kò gbọdọ̀ dẹwọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán wa wò l'Óǹdó, ẹsẹ̀ méjèèjì wọnú ojóbó. Háà! Mo gbójú sókè kí ọ̀rẹ́ mi lè rí i kí n tó fà á le. Ó rí i. Ó wò mí lójú, ó sì jọ̀wọ́ okùn. Màlúù yí padà, ó ta mí nípàá, itan mi ṣẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, okùn yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

"Okùn tó o wé mọ́ ọrùn ọwọ́ ló yọ̀?"

Àna Akíntádé kan, tí mi ò mọ̀ pé ó tẹ̀ lé wa, ti ń bọ̀ pẹ̀lú okùn tirẹ̀ léjìká. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ náà títí dòní. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Mi ò bínú sí màlúù. Kò jẹun nílé mi rí. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé ò bá pani, ṣé tòde lè pani? Aṣeni-báni-dárò yìí ló gbé mi dé ọsibítù, ó sunkún níbẹ̀ jù mí lọ. Ó ń fi bọ̀kọ̀tọ̀ ránṣẹ́ láti Oǹdó, mo sì ń jẹ ẹ́. Ìyàwó mi ń dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí olóore wa.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá pàdé ìyàwó mi, ẹ má sọ fún un. Èmi ti pàdánù ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ ṣì kù.