Akọni Náà Kò Tíì Lè Fò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agbọ̀n tòmátì mi sẹ́yìn ọkọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà ni ọmọbìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé jókòó tì mí. Ọmọbìnrin náà ń ya ìwé ìtàn aláwòrán nípa akọni obìnrin kan tó ń fò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Ọkùnrin yìí fipá bá a lò pọ̀. Ní ojú ìwé kejì, ó ti fò dìde, ó ti lu ọkùnrin náà ṣubú."

"Kíákíá báyẹn? Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, o ṣì kéré. Mi ò lè dá lọ wẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, àyà mi á já."

"Kí ni Màámi ṣe?"

"Wọ́n tẹ́ ẹní wọn sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n á kọ́kọ́ ní, 'Èmi ni o.'" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ.

"Àṣé ìdí tí wọ́n ṣì fi ń ní 'Èmi ni o' lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Mo rò pé ogbó ló ń dé sí wọn."

"Ya ìyẹn. Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó fò."

Omi ti lé sójú ẹ̀gbọ́n náà. Àbúrò rẹ̀ na ìwé àwòrán sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú un dání, kí n lè di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú."