Ara Ògiri Ni Mo Ti Rí Ibojì Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ pariwo. Mo ti mọ ohun tí abiyamọ kò gbọdọ̀ mọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo wá a lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá kú lójú òbí rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ìyá àti bàbá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn ẹbí tàbí àgbà ìjọ ni yóò gbé e lọ, òbí á jókòó sílé, wọn á máa tù wọ́n nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò pé wọ́n ṣe nígbà tí ibà mú Ayọ̀dèjì ọmọ mi lọ ní abà wa ní Omífunfun. Ọmọ kékeré ni, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ọkọ mi ní àwọn àgbà ìjọ ti sin ín, mo gbà. Kí ni mo fẹ́ bèèrè? Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, mo sì ń bá iṣẹ́ oko mi lọ.

Fúnmi ni ọmọ tó kù fún wa. Ó ju àbúrò rẹ̀ lọ dáadáa, ó ti wà ní Èkó báyìí, àwòrán ló ń yà jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, èmi náà ti rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Mo ní ta ni yóò fowó ra àwòrán nígbà tí gààrí wọ́n báyìí? Àfi bó ṣe pè mí lórí fóònù pé iṣẹ́ òun ti wọ ilé àwòrán ńlá kan, kí n wá wò ó. Mùsíọ̀mù ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ti ère àtijọ́ o, ti àwọn ayàwòrán tó ṣì wà láyé ni. Bàbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí èmi máa lọ. Mo wọkọ̀ ní gáréèjì Ore, mo gbé epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání fún ọmọ mi, Fúnmi wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà mùsíọ̀mù náà, ni wọ́n bá gba gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ẹrù kì í wọlé.

Ibẹ̀ tutù, ó sì mọ́ tónítóní. Mo kí àwọn tí mo bá ní yàrá àkọ́kọ́ pé ẹ kúulé o, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kálukú dojú kọ ògiri, wọ́n dákẹ́ bí ìgbà tí wòlíì bá ń ríran lọ́wọ́. Ẹnì kan to ọmọrí ìkòkò jọ títí kan àjà. Ẹlòmíràn ya obìnrin tí kò lójú. Mo ní, "Fúnmi, èyí ńkọ́, ṣé ó ti parí?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ẹ rọra o, ẹni tó yà á wà lẹ́yìn yín." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ń yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

La bá yà sí yàrá tó kàn. Àwòrán tirẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ. Ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, kò wọ ẹ̀wù, ó tẹ̀ ba sórí òkìtì kékeré kan. Igi obì méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fara ti èkejì. Mo mọ àwọn igi náà, oko wa ni. Mo mọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà pẹ̀lú, ta ni kò mọ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀? Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tí ọmọ kú, láìwọ ẹ̀wù ni bàbá Fúnmi wọlé, n kò sì bi í pé ẹ̀wù dà. Wọ́n lẹ ìwé péńpé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà: "Bàámi àti Àbúrò Mi." Mo kà á, mo tún un kà.

Mo ní, "Fúnmi, ta ló sin Dèjì?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Màámi, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Bàámi ni. Òjò ò jẹ́ kí àwọn ará ìjọ lè dé. Ẹ̀wù ọrùn wọn ni wọ́n fi wé e. Wọ́n rí mi níbi tí mo fara pamọ́ sí, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Mo rò pé àwọn fúnra wọn ti sọ ọ́ látọjọ́ yìí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bẹ̀ mí. Èmi ò sunkún. Obìnrin kan tó ń wòran lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Màmá, ó dára, àbí?" Mo ní ó dára. Ó sì dára lóòótọ́, ọmọ náà mọ ọwọ́ lò.

Ibi tó ká mi lára nìyí. Abẹ́ igi obì yẹn nìkan ni kò sí kòkó ní gbogbo oko wa. Lọ́dọọdún ni mo máa ń bá ọkọ mi jà pé kó jẹ́ kí n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, lọ́dọọdún ni yóò ní rárá, kò ní sọ ìdí. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo pè é ní ahun lójú àwọn ará abà. Á mú àdá, á lọ ro ibẹ̀ mọ́. Háà! Ọkùnrin yìí dá ru ẹrù tó yẹ kí ẹlòmíràn bá a rù, èmi sì ń bú u lé e lórí. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí mo délé, ó bi mí pé kí ni ọmọ yà. Mo ní igi ni. Ó ní, "Igi lásán?" Mo ní igi lásán. Ó jẹun tán, ó ní, "Ìyá Fúnmi, ìjà yìí ti tó gẹ́ẹ́. Mo ti ń dàgbà, n ò fẹ́ kú kí n fi ìbínú sílẹ̀ sí ẹ nínú. Ilẹ̀ abẹ́ igi obì yẹn, mo fún ẹ. Lọ gbin ẹ̀gẹ́ rẹ." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ilẹ̀ ti rọ̀. Bí mo bá ní n ò gbìn ín mọ́, yóò mọ̀ pé mo ti mọ̀, gbogbo ìyà tó ti jẹ nítorí mi á di asán. Bí mo bá sì dákẹ́, orí ọmọ mi ni mo fẹ́ fi ọkọ́ gbẹ́ yẹn. Wọ́n ní ọ̀ràn kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn o. Láàárọ̀ yìí ni mo bá a níta tó ń pọ́n ọkọ́ méjì. Ó ní kí n má dá lọ, òun á wá bá mi kọ ebè náà.